Inú Ewé Ni Oúnjẹ Wà: Alfalfa Gbígbẹ àti Àwa Olùsìn Ẹran

  

Alfalfa ni wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí olùsìn ẹran tí kò tíì gbọ́ orúkọ náà lórí fóònù rẹ̀. Ẹnì kan á gbé fídíò màlúù òyìnbó jáde, ọmú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́ nílẹ̀, á ní alfalfa ni ó ń jẹ. Ẹlòmíràn á máa ta irúgbìn rẹ̀ nínú ọ̀rá kékeré. Ẹlòmíràn á ní òun ní èyí tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n sì rọ ní hóró-hóró fún ehoro, owó rẹ̀ á sì máa gun orí owó gàrí. Ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ kò ju méjì lọ: ṣé òótọ́ ni gbogbo ìyìn yìí, àti pé bó bá jẹ́ òótọ́, ṣé kí á lọ rà á?

Èsì mi sí èkíní ni pé òótọ́ ni. Èsì mi sí èkejì ni pé ẹ ní sùúrù ná. Ohun tó mú alfalfa dára wà nínú ewé rẹ̀, nínú ọjọ́ tí wọ́n gé e, àti nínú bí wọ́n ṣe sá a. Nǹkan mẹ́ta yìí ni mo fẹ́ kí ẹ gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbìn ín, kódà bí ẹ kò bá fi ojú kan ewéko náà fúnra rẹ̀ láéláé.

Koríko la ń pè é lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹbí ẹ̀wà àti ẹ̀pà ni. Ó máa ń ga tó orúnkún, ó lè ga dé ìbàdí. Igi rẹ̀ tín-ín-rín, ewé rẹ̀ kéékèèké, mẹ́ta mẹ́ta lójú kan, òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò. Ẹni tó bá wo òkè rẹ̀ nìkan kò tíì rí nǹkan kan. Gbòǹgbò rẹ̀ lè wọlẹ̀ tó mítà márùn-ún bí ilẹ̀ bá jìn tí omi kò sì dúró sí i, ìdí nìyẹn tó fi ń yọ ewé tútù nígbà tí koríko yòókù ti gbẹ. Lára gbòǹgbò náà ni àwọn kókó wíwẹ́ wà. Inú wọn ni kòkòrò àìfojúrí kan fi ṣe ilé, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti mú náítrójìn láti inú afẹ́fẹ́ kí ó sọ ọ́ di oúnjẹ fún ewéko tó gbà á sílé. Ohun tí wọ́n ń rí kó lọ́nà yìí lórí hẹ́kítà kan lè ju kílógíráàmù 150 lọ lọ́dún. Àgbẹ̀ tó gbìn ín kì í ra yúríà fún un. Ẹ̀pà wa náà ní kókó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá rọra fa igi ẹ̀pà tu lórí ilẹ̀ tútù, tó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò, á rí wọn.

Bí a bá gé alfalfa, á tún hù. Ó lè wà lórí ilẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún, kí wọ́n má tún un gbìn.

Kì í ṣe òní ló ti ń bá ẹran rìn. Agbègbè Mídíà, tí ẹ ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú Bíbélì pẹ̀lú Páṣíà, ni àwọn ará Gíríìsì gbà pé ó ti wá. Pliny, òǹkọ̀wé ará Róòmù, sọ pé àsìkò ogun Dáríúsì, ọba Páṣíà, ni ó dé ọ̀dọ̀ wọn. Kò yà mí lẹ́nu pé ogun ló gbé e rìn, nítorí ẹṣin ogun ló ń jẹ ẹ́. Nígbà tí àwọn ìránṣẹ́ Wu, ọba Ṣáínà láti ìdílé Han, lọ wá ẹṣin ńlá ní àárín gbùngbùn Éṣíà ní ọ̀rúndún kejì ṣáájú ìbí Kristi, irúgbìn alfalfa bá wọn padà sílé: wọ́n mọ̀ pé ẹni tó mú ẹṣin tí kò mú oúnjẹ rẹ̀, ìdajì ẹṣin ló mú. Columella, ará Sípéènì tó kọ̀wé nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ayé Róòmù ní ọ̀rúndún kìíní, sọ pé bí a bá gbìn ín lẹ́ẹ̀kan, ọdún mẹ́wàá ni a ó fi máa gé e, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún, nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ohun tó kọ nígbà náà, àgbẹ̀ òde òní kò ní rí púpọ̀ bá a jiyàn sí. Àwọn ará Sípéènì ló gbé e dé Mẹ́síkò, Pérù àti Ṣílè. Láti Ṣílè ni ó ti dé Califọ́níà ní àwọn ọdún 1850, lásìkò tí gbogbo ayé ń sáré lọ wa góòlù níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìrìnàjò yìí, ti Wendelin Grimm ni mo fẹ́ràn jù. Àgbẹ̀ ni, láti Baden ní Jámánì. Ní 1857 ó kó ìdílé rẹ̀ lọ sí Minnesota, lápá àríwá Amẹ́ríkà, ó sì di irúgbìn alfalfa díẹ̀ mọ́ ẹrù, kò tó ogún páùn. Òtútù Minnesota kì í ṣe èyí tí à ń wọ súwẹ́tà lé lọ. Yìnyín á bo ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ á dì gan-an. Alfalfa tó gbìn kú lọ rẹpẹtẹ. Ó gba irúgbìn lára àwọn tó yè, ó tún un gbìn. Òtútù tún dé, ó tún pa á, ó tún gba irúgbìn lára ìyókù. Ọdún ń gorí ọdún. Kò sí ẹni tó rán an níṣẹ́, kò sí ẹni tó sanwó fún un, bẹ́ẹ̀ ni kò ka ìwé kankan nípa àbùdá. Wọ́n ń sọ ọ́ pé lọ́dún kan tí àgbàdo àdúgbò kò ṣe dáadáa, Grimm ń da màlúù tó sanra lọ sọ́jà, aládùúgbò rẹ̀ kan wá bi í pé níbo ló ti rí àgbàdo fún wọn. Ó ní òun kò fún wọn ní hóró kan. Ewéko òun ni wọ́n jẹ. Ó kú ní 1890, òkìkí rẹ̀ kò kọjá àdúgbò. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20 ni Arthur Lyman, ẹni tí wọ́n jọ ń gbé àgbègbè kan náà, pe àwọn olùwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ sí i, tí alfalfa Grimm fi wá tàn ká gbogbo ìlú olótùútù Amẹ́ríkà. Ẹ fi ìtàn náà sọ́kàn. Ẹni tó bá ta irúgbìn fún yín nínú ọ̀rá, tó ní kí ẹ gbìn ín lónìí kí ẹ máa kórè lóṣù mẹ́ta, kò gbọ́ ìtàn Grimm rí.

Kí wá ni ẹran rí nínú alfalfa? Ẹ jẹ́ kí á wọ inú ẹran lọ. Gbogbo wa la mọ ṣàkì, inú ọbẹ̀ la ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí màlúù wà láàyè, ṣàkì yẹn ni ìkòkò ìpọntí rẹ̀: ó lè gba ju lítà 100 lọ, ó gbóná, ó ń hó, àìmọye kòkòrò àìfojúrí ló sì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Màlúù kò lágbára láti da igi koríko fúnra rẹ̀. Àwọn kòkòrò yẹn ló ń fọ́ ọ fún un. Òun á máa pọ̀ ọ́ padà sẹ́nu, á máa jẹ àpọ̀jẹ, á tún gbé e mì. Nígbẹ̀yìn, á da àwọn kòkòrò náà fúnra wọn pẹ̀lú, ara wọn sì ni ó ti ń rí púpọ̀ nínú èròjà amúaradàgbà tó ń lò. Nítorí náà, ẹni tó ń bọ́ màlúù, ewúrẹ́ tàbí àgùntàn, àwọn ará inú ṣàkì ni ó ń kọ́kọ́ bọ́.

Oúnjẹ tiwọn sì ní ìwọ̀n tó gbọ́dọ̀ dé. Bí èròjà amúaradàgbà inú koríko bá wálẹ̀ kọjá ìdá 7 nínú 100, iṣẹ́ wọn á falẹ̀. Koríko á pẹ́ nínú ṣàkì, kò ní dà bọ̀rọ̀, ẹran kò sì ní lè jẹ òmíràn lé e. Ẹ ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀: ikùn àgùntàn rí bọ̀ǹbọ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ṣeé kà. Ó yó, ebi sì ń pa á. Eèsún tó ti gbó tó ti di igi kì í sábàá kọjá ìwọ̀n tí mo wí yìí, ó sì lè má dé e.

Alfalfa tí wọ́n gé nígbà tí òdòdó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ orí máa ń ní tó ìdá 20 nínú 100, ó lè lé díẹ̀. Ẹ gbọ́ èyí tó tẹ̀ lé e dáadáa. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ di ìgbà tí gbogbo oko ti tan òdòdó, ó lè wálẹ̀ sí bíi 15. Ewéko kan náà ni, orí ilẹ̀ kan náà, lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan náà. Ọjọ́ díẹ̀ ló yà wọ́n. Ìdí ni pé bó ti ń dàgbà ni igi rẹ̀ ń pọ̀ sí i tí ó sì ń le, tí ewé kò sì pọ̀ tó o mọ́. Ewé nìkan, ó lè ní ìdá 25 sí 30. Igi nìkan, ó ń bá 10 tàbí 12 yí. Bí ewé bá gbọ̀n dànù nínú ìdì kan, igi lẹ rà, ẹ wá san owó ewé.

Kálísíọ̀mù náà pọ̀ nínú rẹ̀, bí ìdá 1.2 sí 1.5 nínú 100. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń sin màlúù oníwàrà fi ń wá a lójú méjèèjì, nítorí kálísíọ̀mù ń bá wàrà jáde lójoojúmọ́. Ẹran tó ń fọ́mọ lọ́mú ń lò ó, ọmọ ẹran tó ń ta egungun ń lò ó. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kò tó nǹkan nínú rẹ̀ ní tirẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi èèrí àti ọkà dí i.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á dé ibi tí iṣẹ́ wà gan-an. Alfalfa tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìdá 75 sí 80 nínú 100. Kí wọ́n tó lè dì í, omi yẹn gbọ́dọ̀ wálẹ̀ sí bíi 18. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ewé àti igi kì í gbẹ lọ́jọ́ kan náà. Ewé á ti gbẹ, omi ṣì kún inú igi. Bí àgbẹ̀ bá dúró de igi, ewé á gbẹ jù, bí wọ́n bá kàn fọwọ́ kàn án, á rún wómúwómú sílẹ̀. Bí kò bá dúró, á di omi mọ́ inú ìdì.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ní ọgbọ́n méjì fún un. Èkíní: ẹ̀rọ tó ń gé e ní àwọn rólà tó ń tẹ igi fọ́ bó ti ń kọjá, kí omi lè rí ọ̀nà jáde láti inú igi kí òun àti ewé lè gbẹ tẹ̀lé ara wọn. Èkejì ni mo gbádùn jù. Àfonífojì Imperial ní gúúsù Califọ́níà jẹ́ aṣálẹ̀; òjò ọdún kan gbáko níbẹ̀ kì í sábàá tó mílímítà 80. Odò Colorado ni wọ́n ń fa omi wá láti fi bomi rin oko, wọ́n sì lè gé alfalfa lẹ́ẹ̀mẹjọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún kan. Oòrùn ibẹ̀ kì í ṣeré, ọ̀sán ni koríko ń gbẹ. Síbẹ̀, wọn kì í dì í lọ́sàn-án. Òru ni wọ́n ń lọ sóko, tàbí ìdájí, nígbà tí ìrì bá ti sẹ̀ díẹ̀ lé e lórí. Ìrì yẹn á mú ewé rọ̀, kò ní rún mọ́, á sì dúró ti igi rẹ̀ wọ inú ìdì. Bí ìrì bá sẹ̀ jù, wọ́n á dúró. Bí kò bá sẹ̀, wọ́n á tún dúró. Ẹ wo awakọ̀ katakata tó jókòó sórí ẹ̀rọ lóru, tó ń sọ̀kalẹ̀ ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú láti fi ọwọ́ pa ewé wò. Owó oṣù wàrà odidi agbo màlúù wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀.

Ẹni tó bá di omi mọ́ ọn ńkọ́? Ìdì náà á gbóná láti inú, á bu, eruku funfun á máa tú jáde nígbà tí wọ́n bá tú u, ẹṣin tó bá fa eruku náà símú á máa wúkọ́. Bí omi bá pọ̀ jù, ooru yẹn á máa lọ sókè títí yóò fi ràn di iná, láìsí ẹni tó ṣá ìṣáná. Abà koríko púpọ̀ ló ti jó bẹ́ẹ̀ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, òmíràn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí wọ́n ti kó o jọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá gbé koríko gbígbẹ síwájú yín, yálà alfalfa ni tàbí igi ẹ̀pà, ẹ má fi àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan rà á. Oòrùn lè mú ẹ̀yìn ìdì ṣá, kí inú rẹ̀ ṣì ní àwọ̀ ewé tútù yọ̀yọ̀. Ẹ tú u, ẹ wo àárín. Ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀: ó yẹ kó máa ta sánsán, bó bá ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ dáadáa kí wọ́n tó ká a, ẹ dá a padà. Ẹ mú igi kan, ẹ fi yí ìka. Bó bá nípọn tó sì le bí igi ìgbálẹ̀, ó ti pẹ́ jù lóko. Ẹ gbọn ẹ̀kúnwọ́ kan sórí bébà kí ẹ wo bí ewé tó bọ́ ṣe pọ̀ tó.

Ọ̀nà kan wà láti fi mọ̀ bóyá omi ṣì wà nínú rẹ̀, tí kò gba ẹ̀rọ. Ẹ gé díẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹ dà á sínú ìgò gbígbẹ tó ní ìdérí, ẹ fi ṣíbí iyọ̀ kan sí i, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa fún bí ìṣẹ́jú kan. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ra tàbí lẹ̀ mọ́ ara ìgò, koríko kò tíì gbẹ. Iyọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ rí i pé ó gbẹ o. Iyọ̀ ọjà tiwa lásìkò òjò, kò dìgbà tó rí koríko kó tó lẹ̀. Ẹ yan án díẹ̀ lórí iná ná.

Kò sí oúnjẹ tí kò ní ewu tirẹ̀. Bí màlúù tí ebi ń pa bá wọ oko alfalfa tútù lójijì, ìfófó lè kún ṣàkì rẹ̀ kí atẹ́gùn má rí ọ̀nà jáde. Ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ á wú, bí wọn kò bá sì tètè bá a wá nǹkan ṣe, á kú láàárín wákàtí díẹ̀. Èyí tó gbẹ kì í sábàá fa irú rẹ̀. Ti ẹṣin yàtọ̀. Kòkòrò kan wà ní àwọn apá ibì kan ní Amẹ́ríkà tí oró ara rẹ̀ ń mú kí awọ ènìyàn lé ròrò. Òdòdó alfalfa ló fẹ́ràn láti bà lé. Bí rólà ẹ̀rọ bá tẹ̀ ẹ́ pa sínú koríko, oró rẹ̀ á gbẹ síbẹ̀, kò ní ṣá, díẹ̀ nínú wọn sì tó láti pa ẹṣin. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ehoro, alfalfa dára fún ọmọ tó ń dàgbà àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú. Àgbà ehoro tó kàn jókòó, koríko lásán ló tọ́ sí i, nítorí kálísíọ̀mù tó pọ̀ jù lè di yanrìn àti òkúta sí ilé ìtọ̀ rẹ̀. Màlúù tó kù díẹ̀ kó bí, àwọn tó mọṣẹ́ kì í fi alfalfa kún un nínú. Bí kálísíọ̀mù bá ti ń wọlé fún un lọ́fẹ̀ẹ́, ara rẹ̀ kì í múra láti fa tinú egungun, ọjọ́ tí wàrà bá wá dé lójijì, á lè ṣubú lulẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tí àwọn tó ń polówó rẹ̀ kì í fẹ́ sọ: omi. Ewéko tí ẹ ń gé lẹ́ẹ̀mẹjọ lọ́dún, tó ń yọ ewé tuntun lẹ́yìn ìgè kọ̀ọ̀kan, ẹ mọ̀ pé yóò mumi. Saudi Arabia mọ̀ ọ́n lára. Wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún fa omi abẹ́ ilẹ̀ wọn gbin ọkà àti oúnjẹ ẹran nínú aṣálẹ̀, títí ìjọba fi rí i pé omi ń tán lọ tí wọ́n sì pinnu láti dáwọ́ oko oúnjẹ ẹran dúró. Màlúù kò lè dáwọ́ jíjẹ dúró ní tirẹ̀. Ní 2014, ilé iṣẹ́ wàrà Almarai ti ibẹ̀ ra ilẹ̀ tó súnmọ́ 10,000 éékà ní Arizona, ní mílíọ̀nù dọ́là 47.5, wọ́n gbin alfalfa sí i, wọ́n dì í, wọ́n ń kó o sínú ọkọ̀ òkun lọ fún màlúù wọn nílé. Òfin Arizona nígbà náà kò fi òdiwọ̀n sí iye omi tí ènìyàn lè fà lábẹ́ ilẹ̀ ní irú ìgbèríko bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ pariwo, ọ̀rọ̀ di ti òṣèlú, ní oṣù kẹwàá 2023 ni gómìnà Katie Hobbs kéde pé ìjọba òun yóò gba ilẹ̀ ìjọba tí Fondomonte, ẹ̀ka ilé iṣẹ́ náà, háyà ní Butler Valley padà. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé omi ni wọ́n ń dì tí wọ́n ń kó lọ, koríko wulẹ̀ jẹ́ àpò tí wọ́n dì í sí ni.

Àwa ńkọ́? Òjò Ìbàdàn ọdún kan lé ní mílímítà 1,200. Ẹnì kan lè rò pé ire dé nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Alfalfa kò fẹ́ ilẹ̀ tó kan, ilẹ̀ ibi tí òjò ti ń pọ̀ sì máa ń kan, nítorí òjò ń fọ kálísíọ̀mù lọ. Gbòǹgbò rẹ̀ máa ń jẹrà nínú omi. Èpò tiwa á bò ó mọ́lẹ̀ kó tó la ojú. Bí gbogbo ìyẹn bá tilẹ̀ yanjú, ní oṣù kẹfà, níbo lẹ ti fẹ́ rí ọjọ́ mẹ́ta tí òjò kò ní rọ̀ láti sá a? Lókè ọya, níbi tí omi ìdídò wà tí ọ̀gbẹlẹ̀ sì gùn, ọ̀rọ̀ lè yàtọ̀. Níhìn-ín, èmi kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó fi owó ṣòfò lórí rẹ̀.

Ẹbí ẹ̀wà kò sì tán lórí ilẹ̀ wa. Ní àwọn ọdún 1980, níhìn-ín ní Ìbàdàn, àwọn olùwádìí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru, àti ti ILCA, ilé ìwádìí ẹran-ọ̀sìn ilẹ̀ Áfíríkà nígbà náà, ń gbin igi ẹlẹ́bí ẹ̀wà ní ìlà ìlà sáàárín àgbàdo. Méjì ni wọ́n lò jù: lùkínà àti àgúnmánìyè. Wọ́n á gé ewé wọn, wọ́n á fi apá kan bo ilẹ̀ fún àgbàdo, wọ́n á gbé apá kejì fún ewúrẹ́ àti àgùntàn. Èròjà amúaradàgbà inú ewé méjèèjì máa ń lé ní ìdá 20 nínú 100. Alfalfa kò ju wọ́n lọ níbẹ̀. Gbòǹgbò wọn jìn, wọ́n ń yọ ewé nínú ọ̀gbẹlẹ̀, òjò kò sì pa wọ́n.

Lùkínà ní àléébù kan tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀: oró kan wà nínú rẹ̀ tí ń mú kí irun ẹran re dànù bó bá jẹ ẹ́ jù. Ní Ọsirélíà wọ́n jìyà rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, títí onímọ̀ kan, Raymond Jones, fi ṣàkíyèsí pé ewúrẹ́ Hawaii ń jẹ ẹ́ láìsí ohun tó ṣe wọ́n. Ó gbé omi inú ṣàkì ewúrẹ́ Hawaii lọ fún ẹran Ọsirélíà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ lùkínà láìrí ìjàm̀bá. Kòkòrò àìfojúrí kan tó ń pa oró náà ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ Jones sọ ọ́. Fún ẹni tí kò ní omi ṣàkì Hawaii, kí lùkínà má kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta oúnjẹ ẹran. Àgúnmánìyè kò ní wàhálà yẹn, òórùn rẹ̀ nìkan ni ẹran kì í kọ́kọ́ fẹ́. Ẹ sá a fún ọjọ́ kan kó rọ, òórùn náà á dínkù.

Mo wá dé orí èyí tó ń dùn mí jù, igi ẹ̀pà àti igi ẹ̀wà. Nígbà tí Iléyá bá ń bọ̀, ọkọ̀ ẹlẹ́rù á máa kó harawa, ìyẹn igi ẹ̀pà àti igi ẹ̀wà gbígbẹ, láti òkè ọya wá, àwọn tó ń ta àgbò á sì máa rà á lówó iyebíye. Ní oko tiwa, lọ́sẹ̀ tí a bá wu ẹ̀pà, a ó já ẹ̀pà kúrò, a ó wá kó igi rẹ̀ jọ, a ó sun ún. Igi ẹ̀pà tí ewé rẹ̀ pé lè ní ìdá 10 sí 14 èròjà amúaradàgbà, ti ẹ̀wà lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbẹ̀ kan náà tó sun ún ni yóò wá ra oúnjẹ àgbò lóṣù mélòó kan síi.

Gbogbo ohun tí mo sọ nípa ewé àti igi alfalfa ló bá ẹ̀pà wí. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀ lẹ́yìn tó ti gbó, nítorí ewé ló ń kọ́kọ́ bọ́. Bí ẹ bá ti já ẹ̀pà tán, ẹ gbé igi rẹ̀ sórí àkéte onígi, kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Oòrùn ọjọ́ kìíní tó o; lẹ́yìn náà abẹ́ òrùlé ni kó ti gbẹ parí, kí ewé má baà rún. Bí ẹ bá fẹ́ yí i padà, òwúrọ̀ ni, kí ìrì tó gbẹ. Ìrọ̀lẹ́ tàbí àárọ̀ kùtù ni kí ẹ dì í, ẹ má dì í lọ́sàn-án gangan. Ẹ fi ìgò àti iyọ̀ yẹn dán an wò kí ẹ tó kó o jọ. Ẹ má sì tò ó sórí ilẹ̀ lásán nínú abà, ìrinlẹ̀ á bà á jẹ́ láti ìsàlẹ̀.

Ẹ óò bi mí pé èló ni kí ẹ fún ẹran. Ewúrẹ́ tiwa tó wọn kílógíráàmù 20 máa ń jẹ oúnjẹ gbígbẹ tó gíráàmù 600 sí 800 lóòjọ́. Bí gíráàmù 200 nínú rẹ̀ bá jẹ́ ewé àgúnmánìyè gbígbẹ tàbí igi ẹ̀wà tó léwé dáadáa, ìyókù lè jẹ́ koríko àti èèpo ẹ̀gẹ́. Èèpo ẹ̀gẹ́ lágbára fún okun, ṣùgbọ́n èròjà amúaradàgbà inú rẹ̀ kéré. Ewé ló ń dí i. Ẹ rí i pé èèpo náà gbẹ dénú, kí oró inú rẹ̀ lè fò lọ. Bí ẹran kò bá tíì jẹ irú ewé bẹ́ẹ̀ rí, ẹ fi díẹ̀díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi bí ọ̀sẹ̀ méjì kún un dé ìwọ̀n tí mo sọ, kí àwọn ará inú ṣàkì lè mọ̀ ọ́n. Omi mímu kò gbọ́dọ̀ wọ́n wọn, nítorí oúnjẹ gbígbẹ ń fa òùngbẹ.

Mo ti gba àsìkò tí alága fún mi tán, mo sì rí ẹni tó ti nawọ́ sókè lẹ́yìn. Ẹ bi mí.